Tábìlì Loretta Sọdá Odò

Bí oṣù Fẹ́búárì bá ti ń parí lọ, tí yìnyín kò tíì yọ́ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Àǹtí Loretta á ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé rẹ̀, á máa gbé àpótí jáde. Àpótí ike. Àpótí páálí. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé aṣọ tábìlì nìkan ló kún inú rẹ̀, gbogbo wọn láwọ̀ ewé: ewé tútù, ewé rírọ, ewé tó ń dán yanran bí ẹ̀yìn eṣinṣin ààtàn. Ọ̀kan wà fún àwọn ère arárá, iwin kúkúrú inú àlọ́ àwọn ará Ireland. Arárá onírùngbọ̀n pupa. Arárá tó ń fa pípù. Arárá tó jókòó lé ìkòkò góòlù, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí i. Ọdọọdún ni wọ́n ń pọ̀ sí i. A ò mọ ẹni tó ń fún wọn lóyún.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Loretta Hanrahan ni tẹ́lẹ̀, kó tó di Loretta Petrocelli. Hallam létí odò ni wọ́n bí i sí, ní Massachusetts, ní òpópónà tó ṣì ń gbé títí dòní. Ibi tó jìnnà jù tó dé láyé rẹ̀ ni Florida, oòrùn ibẹ̀ ló sì lé e padà wálé. Ireland ńkọ́? Kò débẹ̀ rí. Bàbá tó bí bàbá bàbá rẹ̀ ló wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò níbẹ̀, tebi ń pa á, kò sì sọ nǹkan kan nípa ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú. Kò sí ohun tó dùn-ún sọ. Ohun tí bàbá náà dákẹ́ lé lórí ni Loretta ń fi arárá sọ.

Tẹ́ ẹ bá bi í léèrè ìlú tí wọ́n ti wá gan-an, á ní Galway. Ìyẹn láyé àtijọ́. Láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ọmọbìnrin ará Mayo, Mayo ni wọ́n ti wá.

Ọ́fíìsì oníṣègùn eyín ló ti ṣiṣẹ́ jẹun. Òun ló ń jókòó síbi ojú fèrèsé, tó ń pe àwọn aláìsàn wọlé. Ohùn yẹn kò fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Tó bá pè yín wá jẹun, ẹ máa rò pé wọ́n fẹ́ yọ yín léyín ni.

Ọkọ rẹ̀, Sal Petrocelli, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ọmọ àwọn ará Ítálì ni. Èèyàn jẹ́jẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ọjọ́ Pátíríìkì Mímọ́, àjọ̀dún àwọn ará Ireland lóṣù March, bá ti pé, wọ́n á so táì aláwọ̀ ewé mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n á gbé fìlà páálí lé e lórí, á sì jókòó síbi tí wọ́n bá fi í sí, bí ọlọ́pàá tí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Oríṣiríṣi ẹja tí àwọn ẹbí tirẹ̀ máa ń sè ní alẹ́ Kérésìmesì, ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú ló bá a lọ. Ilé yẹn kò gba àjọ̀dún méjì.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Fintan.

Fintan Petrocelli. Orúkọ Ireland, orúkọ Ítálì. Ẹ pe orúkọ náà ketekete. Ó dà bí ìgbà téèyàn wọ bàtà ẹnìkan sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó wọ ti ẹlòmíràn sí ti òsì.

Tábìlì yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí, torí ẹni tí kò rí i lè rò pé mò ń bú èèyàn lásán ni. Aṣọ méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Abọ́ tí wọ́n ya ewé elétí mẹ́ta sí létí. Bébà ìnuwọ́ tí wọ́n ká bíi fìlà. Dùùrù páálí láàárín, òwú ìránṣọ ni okùn rẹ̀. Òṣùmàrè onírun tó tẹ̀ láti orí ìgò iyọ̀ dé orí ìkòkò góòlù. Ṣokoléètì ni góòlù náà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, torí ó ti dàgbà ju àwọn ọmọ míràn tó wà nílé ẹ̀kọ́ lọ. Mílíìkì aláwọ̀ ewé. Búrẹ́dì aláwọ̀ ewé. Bíà aláwọ̀ ewé tó ń pa ètè láró. Ọdún kan wà tí Emmet ọkọ mi gbé ètè rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì bí ẹni tó lọ jẹko.

Àti ẹran. Ẹran màlúù oníyọ̀, tó ti ń hó láti ìdájí. Àti kábééjì tí wọ́n sè títí tó fi gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ṣíbí títí wọ́n á fi ya fọ́tò. Lóròó. Níbùú. Láti orí àga.

Àwọn àgbà ní ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òde ni Loretta ti ń kó tirẹ̀ wọlé, láti ṣọ́ọ̀bù ńlá ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta Ireland lórí àtẹ kan náà pẹ̀lú ehoro Ọdún Àjíǹde.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ọdún tí mò ń sọ yìí.

Muireann Ruane lorúkọ ọmọbìnrin náà. Nọ́ọ̀sì ni, ní Boston. Ó ga, ó gbóná lẹ́nu, ará Mayo pọ́nbélé. Ọjọ́ tí Fintan kọ́kọ́ mú un wálé, Loretta rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹni tó rí ẹrù rẹ̀ tó sọnù.

"Ọmọ mi, sọ fún mi," ó ní, "ṣé ẹ ṣì ń rí àwọn arárá nínú igbó lọ́hùn-ún?"

"Rárá o, mà," ni Muireann dáhùn. "Bàbá mi rí ọkùnrin kúkúrú kan lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Owó orí ló wá gbà."

Loretta rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ ọ. Ó ti ń wo ìka ọwọ́ ọmọ náà bóyá òrùka wà níbẹ̀.

Òrùka dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ míràn bá òrùka rìn. Muireann ní bàbá kan, Malachy, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ń dá nìkan sin àgùntàn lórí òkè, tí eékún rẹ̀ kò sì gbé e mọ́ bíi ti àtijọ́. Fintan ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná. Iṣẹ́ tó ṣeé gbé káàkiri. Àwọn ọmọ méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bóyá àwọn á lọ gbé lọ́dọ̀ bàbá náà.

Lọ gbé. Ní Ireland. Loretta gbọ́, ó fò wá sílé wa.

"Ìyàwó wa, ṣé o gbọ́ ìsọkúsọ? Ọmọ mi kan ṣoṣo! Kí ló fẹ́ lọ wá níbẹ̀?"

"Ireland kọ́, Àǹtí? Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ibi tí mo wà."

Ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí ògiri.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé Malachy fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá wo àwọn ọmọ. Ó máa dé ṣáájú ọjọ́ Pátíríìkì, á sì padà lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Ojú Loretta mọ́lẹ̀. Ó ti rí ọ̀nà. Ó máa to tábìlì kan tí irú rẹ̀ kò sí rí. Bàbá náà á jókòó, á wò ó, á rí i pé Ireland ti wà ní Hallam, pípé, tòun ti ẹ̀rọ amúlégbóná. Fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá. Bí Loretta ṣe rò ó nìyẹn. Ìyá tó fẹ́ fi aṣọ tábìlì so ọmọ mọ́lẹ̀.

Mi ò bá a jiyàn. Èèyàn kì í bá Loretta jiyàn lóṣù March.

Ọjọ́ Pátíríìkì bọ́ sí Fúráìdè lọ́dún náà. Fúráìdè inú Lẹ́ǹtì, ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Ẹ mọ̀ pé àwa ìjọ Kátólíìkì kì í jẹ ẹran ní irú ọjọ́ yẹn. Nígbà tó bá bọ́ sí i bẹ́ẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù a máa yọ̀ǹda, torí ó mọ irú agbo tí Ọlọ́run fún un. Ti ọ̀tẹ̀ yìí, bíṣọ́ọ̀bù ìhà Hallam kò yọ̀ǹda. Fáda Scanlon, àlùfáà ìjọ Loretta, kà á jáde lẹ́yìn Máàsì, ojú rẹ̀ nílẹ̀: kí kálukú jẹ ẹja, kí ó sì fi ọkàn bá ẹni mímọ́ náà yọ̀.

Loretta lè má lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti Àjíǹde kan dé òmíràn. Ó lè fi ahọ́n bó gbogbo àdúgbò láwọ. Ṣùgbọ́n kó jẹ ẹran ní Fúráìdè Lẹ́ǹtì? Ó yá a lára kí ilẹ̀ lanu. Ó dúró de Fáda lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wà níbẹ̀, torí èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e wá.

"Fáda, ẹja kẹ̀! Lọ́jọ́ Pátíríìkì! Ṣé òkú la fẹ́ sin ni?"

"Loretta, ẹja kì í ṣe ìyà."

"Bíṣọ́ọ̀bù ìhà kejì odò ti yọ̀ǹda fún tiwọn. Arábìnrin tó ń ṣe mí nírun ló sọ fún mi. Ṣé Ọlọ́run méjì ló wà ni?"

"Ọ̀kan ni. Bíṣọ́ọ̀bù ló jẹ́ méjì." Ó ti rẹ̀ ẹ́. Òtútù ń mú un. Ó fẹ́ wọlé lọ mu kọfí. "Ẹni tó bá wà níhìn-ín, ti ìhín ló máa tẹ̀lé. Ẹni tó bá wà ní ìhà kejì, ti ọ̀hún ni."

"Ẹni tó bá wà níbẹ̀. Ṣé ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni, Fáda, àbí ẹni tó ṣáà wà níbẹ̀?"

"Loretta, mo bẹ̀ ẹ́."

"Èwo ni, Fáda?"

"Ẹni tó ṣáà wà níbẹ̀," ni Fáda Scanlon wí. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó sì wọlé.

Loretta yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá gbójú lé mi.

Ìhà kejì odò ni ilé mi wà.

"Rárá," mo ní.

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní Sátidé."

"Sátidé ni bàbá yẹn ń lọ."

"Ẹ jẹ́ ká se ẹja sámọ́ǹ. Ẹja dára. Wọ́n ní ẹja ni wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún."

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó fi aṣọ ìnulẹ̀ bo tábìlì. "Ìyàwó wa, ọmọ mi ló fẹ́ lọ yẹn. Ọmọ mi. Mi ò lè fi ẹja dá a dúró."

Kí lèèyàn máa sọ? Mo fi kọ́kọ́rọ́ ta mọ́tò.

Báyìí ni tábìlì ṣe sọdá odò. Àárọ̀ Fúráìdè, Emmet gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà Loretta, wọ́n sì ń kó ẹrù jáde bí ẹni tí onílé lé. Aṣọ tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n gbé kọ́ kí ó má rún. Dùùrù. Òṣùmàrè, tó ṣẹ́ sí méjì lẹ́nu ilẹ̀kùn tí Loretta sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ padà lórí ìdúró. Àwọn arárá, àpótí méjì. Ìkòkò ẹran, tí ooru ṣì ń yọ lára rẹ̀, ni wọ́n gbé sórí àga iwájú, tí wọ́n sì fi bẹ́líìtì ìjókòó dì mọ́ ibẹ̀. Bàbá Muireann, àlejò tó fò kọjá òkun, ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí. Wọ́n gbé àpótí arárá kan lé e lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kínní tí mo máa rí Malachy Ruane nìyẹn. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọwọ́ bí igi gbígbẹ, kóòtù tó ti rí òjò púpọ̀. Ó wo arárá tó wà lókè pátápátá nínú àpótí náà. Arárá náà wò ó. Kò sí èyí tó sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Èmi àti Loretta náà wà lẹ́yìn. Bí a ṣe gun orí afárá, Emmet na ọwọ́ sí ìkòkò. Ó ti ń gbóòórùn ẹran yẹn láti àárọ̀.

"Emmet Hanrahan! Máà jẹ ẹ́!"

"Ègé kékeré ni, Àǹtí."

"A ò tíì dé àárín afárá!"

Ọkọ mi dá ọwọ́ dúró. Àgbàlagbà ọkùnrin, olórí ẹbí. Ó gbé ẹran náà dání lókè bí àbẹ́là, ó ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, ó sì ń wo pátákó tó wà láàárín afárá, níbi tí wọ́n kọ orúkọ ìlú tiwa sí. Bí táyà iwájú ṣe kọjá rẹ̀, ó jù ú sẹ́nu.

"Ṣé ẹ̀yìn ọkọ̀ ti kọjá?" ni Loretta bi í.

"Ẹnu mi ni mo fi ń jẹun, Àǹtí, kì í ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀."

Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bíi kí ẹnìkan fún ikọ́ mọ́nú. Malachy ni. Ó ti yíjú sí fèrèsé.

Nínú ilé mi, Loretta ká aṣọ tábìlì mi kúrò, èyí tí ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ sí, ó sì jù ú sórí àga bí aṣọ ìdọ̀tí. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ kò bá ọjọ́ mu. Ó já àwòrán ẹṣin lára ògiri. Ó to nǹkan fún wákàtí bíi mélòó kan, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́, torí a ò mọ bí fìlà bébà ṣe ń dúró. Ní ọ̀sán, Fintan àti Muireann dé láti Boston. Ọmọkùnrin náà rí tábìlì, ó ní, "Háà, Máámi." Muireann gbá a ní ìgbọ̀nwọ́. Ó gbá a padà. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn méjèèjì tí wọn ò tíì sọ.

A jókòó. Loretta gbé fìlà aláwọ̀ ewé lé Malachy lórí. Ó ṣí i kúrò jẹ́jẹ́, ó sì gbé e sórí eékún rẹ̀ bí ẹni gbé ológbò ẹlòmíràn dání. Wọ́n ya fọ́tò. Lóròó. Níbùú.

"Bàbá Muireann," ni Loretta wí látorí àga tó gùn láti ya fọ́tò, "ṣé ó jọ ti ilé?"

Bàbá náà wo tábìlì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò kánjú.

"Ìyá Fintan, mi ò rí irú rẹ̀ rí."

"Ẹ gbọ́! Kò rí irú rẹ̀ rí!"

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń dán bí àbẹ́là. Ó bu ẹran fún un, òkè abọ́ ga. Malachy jẹ díẹ̀, ó jẹ sí i, ó dúró.

"Ẹ má bínú, ìbéèrè kan. Ilé tí mo sùn sí ní tábìlì. Mo rí i. Kí ló dé tá a fi gbé oúnjẹ sọdá odò?"

Loretta ṣàlàyé. Bíṣọ́ọ̀bù ìhà ọ̀hún. Bíṣọ́ọ̀bù ìhà ìhín. Fúráìdè.

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni lọ́hùn-ún," ni bàbá náà wí, "níhìn-ín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí mo bá dúró sórí afárá ńkọ́, tí mo ju ègé kan sókè?"

"Ó kù síbi tó bá balẹ̀ sí," ni Emmet dáhùn, ẹnu rẹ̀ kún.

Muireann bú sẹ́rìn-ín. Fintan rẹ́rìn-ín. Èmi pẹ̀lú. Loretta nìkan ni kò rẹ́rìn-ín; ó ń dúró kí àlejò gbóríyìn fún un pé ó ronú dáadáa.

"Nílé," ni Malachy wí, "àjọ̀dún ni ọjọ́ Pátíríìkì. Kò sẹ́ni tó ń ka ẹran léèwọ̀ fún wa, ì báà jẹ́ Fúráìdè."

Ọwọ́ Loretta dúró lójú afẹ́fẹ́, tòun ti ṣíbí. "Ẹ̀ ń jẹ ẹran? Nínú Lẹ́ǹtì?"

"Lọ́jọ́ yẹn? Tó bá wà."

"Kí lẹ wá ń tò sórí tábìlì?"

"Abọ́."

"Abọ́ nìkan?"

Ó ronú. "Àti fọ́ọ̀kì."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ọjọ́ náà ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wọn. Kò sọ ọ́ kó lè fi gún ẹnikẹ́ni lára, ìyẹn ló sì mú un gúnni. Wọ́n á lọ sí Máàsì. Wọ́n á dúró létí ọ̀nà wo àwọn tirakítọ̀ tó ń tò kọjá ní abúlé, àwọn ọmọ kéékèèké á sì juwọ́ sí bàbá wọn tó ń wà á. Òjò á rọ̀. Kálukú á lọ sílé lọ wo ẹran ọ̀sìn rẹ̀, torí àsìkò tí àgùntàn ń bímọ ni.

"Àsìkò yìí gan-an ni," ó ní. Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Aládùúgbò mi ló ń bá mi gbẹ̀bí fún wọn báyìí. Ìyá Fintan, èèyàn kì í fi àgùntàn sílẹ̀ lásìkò ìbímọ wá jẹun. Mo wá bi àwọn ọmọ yìí léèrè bóyá wọ́n ń bọ̀ wálé. Tí wọn ò bá wá, mo fẹ́ ta ilẹ̀ náà. Ohun tí mo bá wá nìyẹn."

Òṣùmàrè tú kúrò lára téèpù, ó dojú dé inú mílíìkì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Ilé rèé," ni Loretta wí. Ó fi ọwọ́ yí tábìlì ká. "Ẹ wò ó! Kí ló wà lọ́hùn-ún tí kò sí lórí tábìlì yìí?"

"Òjò," ni Malachy wí.

"Òjò ń rọ̀ níhìn-ín!"

"Máámi." Fintan ni. Ó ti fi ọwọ́ Muireann sínú tirẹ̀. "Bàbá ò nílò àtibéèrè. A ti pinnu. Oṣù June la ń lọ."

"Ta ló pinnu? Nígbà wo?"

"Láti Kérésìmesì."

"Láti Kérésì! O wá ń wò mí! Mò ń ra aṣọ, mò ń ká bébà, mò ń gbé ìkòkò sọdá odò, o ń wò mí!"

"Ẹ̀ ń to tábìlì, Máámi. Ta ló lè bá yín sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ń to tábìlì?"

Loretta wo gbogbo wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá yọ èyí tó le jù nínú ohun tó ní.

"Kí ni Petrocelli máa ṣe ní Mayo?" ó pariwo. "Ítálì ni ọ́! Orúkọ bàbá rẹ lo ń jẹ́! Ta ló mọ̀ ọ́ níbẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ọ o. Obìnrin tó fi táì ewé so ọkọ rẹ̀ lọ́rùn títí tí wọ́n fi sin ín. Òní ló rántí pé Ítálì ni. Ó fi Ireland bọ́ ọmọ láti kékeré, láàárọ̀, lálẹ́, ọmọ yó, ọmọ fẹ́ lọ wo ibi tí oúnjẹ náà ti ń wá, ìyá wá figbe bọnu. Mo ti ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn. Ti ọ̀sán yẹn kò ṣeé rẹ́rìn-ín. Ó burú jù bẹ́ẹ̀.

Fintan kò bínú. Ì bá sàn ká ní ó bínú.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ilé wa ni, Máámi," ó ní. "Gbogbo ọdún. Lórí tábìlì yìí. Mo gbà yín gbọ́."

Omi yọ lójú Loretta, ó ṣàn gba inú àtíkè, ó kán sórí kábééjì. Kò nu ún. Mo rí i pé ó ti darúgbó, ohun tí kò jẹ́ kí n rí rí. Emmet na bébà ìnuwọ́ kan sí i, ó gbà á, ó wò ó pé fìlà rẹ̀ ti tú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a padà.

"Iná wa máa ń ṣe ségesège," ni Malachy wí nígbà tó pẹ́. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ìyá Fintan ló ń wò. "Ẹni tó bá lè tún un ṣe, a ò ní bi í bóyá Ítálì ni."

Loretta dìde. Mo rò pé ó fẹ́ lọ sunkún ní ilé ìdáná mi, mo sì fẹ́ tẹ̀ lé e. Ṣíbí ìbùbẹ̀ ló gbé. Ó yí tábìlì ká, ó ń bu ẹran fún ẹni tó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Ó dé ọ̀dọ̀ Malachy.

"Ẹ gbé abọ́ yín sókè. Ẹ ń ba aṣọ jẹ́."

Ó gbé e sókè.

"Tábìlì tiyín lọ́hùn-ún," ó ní, "olóbìrípo ni àbí onígun?"

"Kí lẹ wí?"

"Tábìlì. Èyí tẹ́ ẹ ń to abọ́ àti fọ́ọ̀kì sí. Báwo ló ṣe rí?"

"Onígun ni. Ẹni mẹ́rin ló ń gbà. Mẹ́ta, tí ajá bá wọlé."

"Kékeré nìyẹn." Ó ronú. "A ó fi pákó kún un. Fintan lè kan pákó. March tó ń bọ̀, kí ẹ ti so ajá mọ́lẹ̀."

"Máámi," ni Fintan wí.

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀. Bàbá Muireann ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ̀yin ní áyọ́ọ̀nù? Kò burú, màá gbé tèmi wá. Ògiri yín ńkọ́? Ṣé ó gba ìṣó?"

Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ lásán yọ ọmọ àgùntàn lára ìyá rẹ̀ lórí òkè, nínú ẹ̀fúùfù. Mo rí i tó wo ọmọ rẹ̀ pé kó gba òun. Muireann ti tẹ orí ba abọ́, èjìká rẹ̀ ń mì tìtì fún ẹ̀rín.

Nígbà tí Loretta yíjú sí ìkòkò, bàbá náà rọra fì sọ́dọ̀ mi.

"Ìyàwó Emmet, ṣé ó máa wá lóòótọ́?"

"Ó máa wá, sà."

"Pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀nyí?"

"Kò sí èyí tó máa fi sílẹ̀."

Ó wo àwọn arárá. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá nǹkan tó le ju bíà lọ wà nínú ilé.